Alágbẹ̀dẹ Inú Ìwé Náà Ṣì Ń Dúró

Irun obìnrin kan ni mo ń dì nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ nípa ẹgbẹ́ òǹkàwé. Ó jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ń sọ fún ẹnì kan pé ọ̀sán Sátidé ni o, kó má pẹ́ dé, pé Màmá kì í fẹ́ kéèyàn máa wọlé gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ti ṣíwèé. Kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ kan ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti ń dirun lọ́dọ̀ mi láti ọdún mẹ́ta, Àǹtí ni mo ń pè é. Mo mọ ibi tí irun ti já lẹ́bàá etí ọ̀tún rẹ̀, mo sì mọ bí mo ṣe ń fa ti òkè wá bò ó kí àwọn ará ọ́fíìsì rẹ̀ má baà rí i. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, mo ní, "Àǹtí, ìwé wo lẹ ń kà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà fẹ́ kàwé?"

"Ọmọ mi ni," mo ní. Irọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Èmi náà fẹ́ kà á.

Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá tí wọ́n ń sọ yìí. Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ tíṣà títí wọ́n fi gba ìwé ìsinmi, kí wọ́n tó padà wá sínú ilé tí wọ́n kọ́ sí Ìjerò níbí, lójú ọ̀nà Ìpóti. Ọmọ wọn kan tó wà lókè òkun a máa fi ìwé ìtàn ránṣẹ́ ní páálí páálí, ìwé ọmọdé tó kún fún ẹranko tó ń fọhùn àti ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú ayé mìíràn. Màmá á pín in, ẹyọ kan fún ilé kan. A ó fi ìwé ìròyìn bò ó lẹ́yìn kó má baà dọ̀tí, a ó kà á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn náà tìyá tọmọ á wá jókòó ní pálọ̀ wọn láti sọ ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀. Òyìnbó ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá ní kí èmi máa sọ Yorùbá bí Òyìnbó bá há mi lọ́fun. "Ó ń gbìyànjú," wọ́n á sọ fún àwọn yòókù lójú mi, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ ẹsẹ̀ nílẹ̀.

N ò ní purọ́, kì í ṣe ìwé nìkan ló ń gbé wa lọ síbẹ̀. Lọ́dọọdún, Màmá máa ń mú ọmọ mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ náà, wọ́n á fi ọwọ́ ara wọn kọ́ wọn fún ìdánwò àtiwọ ilé ìwé ńlá kan ní Adó, níbi tí ọmọ tó bá mọ̀wé ti ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ títí yóò fi jáde. Àwọn tí Màmá bá mú kì í sábà kùnà. Ohun tí mo ń wá nìyẹn. Ọmọ mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó ń ka ohun gbogbo tó bá ní lẹ́tà lára, títí kan ara àpò sìmẹ́ńtì. Mo fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wà nínú mẹ́ta yẹn bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣe ń fẹ́ omi.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí lè máa wò ó pé kí ló ń lé mi. Mo ní oyún oṣù mẹ́jọ nínú nígbà tí mo ṣe ìdánwò àṣejáde girama. Bàbá tó bí mi, ní ìlú Ara, alàgbà ìjọ ni wọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n mọ̀, àpò mi ni wọ́n gbé sí ìta. Bàbá ọkọ mi ló gbà mí sílé. Àgbẹ̀ ni wọ́n, kòkó àti iṣu, Ògún ni wọ́n ń sìn, ilé wọn ò sì jọ ilé alàgbà rárá. Wọn ò bi mí ní ìbéèrè méjì. Gbogbo ọjọ́ tí mo fi ṣe ìdánwò yẹn, wọ́n tẹ̀ lé mi dé ẹnu géètì, wọ́n jókòó sábẹ́ igi títí mo fi jáde. Wọ́n ní bí ọmọ náà bá fẹ́ fi gbọ̀ngàn ìdánwò ṣe ibi ìbímọ, kó kúkú bá ẹni tó máa gbà á nílẹ̀. Ọkọ mi, bíríkìlà ni, Ìbàdàn ló máa ń wà, ó máa ń wálé nígbà tí iṣẹ́ bá tán. Nítorí náà, èmi, ọmọ mi àti Bàbá la jọ ń gbé ilé yẹn.

Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣèlérí nílé náà. Irin kan wà lẹ́yìnkùlé, ó dúdú, ó tóbi tó itan ènìyàn, n ò mọ ohun tó jẹ́ kó tó di irin lásán. Bí o bá ṣèlérí tó wúwo, ìdí irin yẹn lo máa ti ṣe é, o ó bẹ̀rẹ̀, o ó fi ahọ́n kàn án. Gbogbo ènìyàn mọ apá ìyẹn. Apá kejì ni àwọn ará ìta ò mọ̀. Bí ìlérí náà bá wá di ohun tí apá rẹ ò ká, o kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀ kó o máa rìn kọjá bí ẹni tí kò sọ ọ́ rí. O ó padà síbẹ̀, o ó tún fi ahọ́n kàn án, o ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un ní gbangba, Bàbá á da omi tútù lé e, wọ́n á ní, "Ó tán." Ó sì tán lóòótọ́. Ẹnikẹ́ni ò ní dá a sọ mọ́.

Èmi náà ti ṣe é. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ilé wọn, mo ṣèlérí níbẹ̀ pé bí mo bá ti já ọmọ lẹ́nu ọmú, màá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. N kò gba irin náà gbọ́ nígbà náà, ẹ̀rù pé kí n má pàdánù ibi tí mo ń sùn ló mú mi bẹ̀rẹ̀. Mo já ọmọ lẹ́nu ọmú. Iṣẹ́ ọkọ mi dákẹ́. Irun ni mo lọ kọ́. Ó tó ọdún kan tí n kò lè wo ojú Bàbá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan wọ́n fi ẹnu Ìjerò pè mí: "Ìyàwó, o ti ń fẹ̀gbẹ́ rìn nínú ulé yìí tipẹ́. Lọ sọ fún urin pé kò ṣeé ṣe. Urin ò ní bú ọ." Mo lọ. Mo sọ ọ́, mo sunkún, ẹnu mi kún fún ìtọ́wò ìpẹtà. Wọ́n da omi lé e. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń rí oorun sùn. Ọmọ mi náà ti ṣe é nígbà tí ibà ò jẹ́ kó lè máa bu omi fún adìyẹ Bàbá bó ṣe ṣèlérí. Lójú tirẹ̀, kò sí ohun tó burú níbẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń fọwọ́ kí ó tó jẹun ni. Ọjọ́ Ìsinmi, a ó wọ aṣọ wa, a ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá á ní ká kí Ọlọ́run.

Ìwé tí Màmá pín fún wa lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún méjìlá kan ló wà nínú rẹ̀. Àwọn ará abẹ́ òkè jí àbúrò rẹ̀ gbé. Ilẹ̀kùn kan wà lára àpáta, alágbẹ̀dẹ arúgbó kan ló ń ṣọ́ ọ. Alágbẹ̀dẹ yìí ní òun á ṣí i fún un, ṣùgbọ́n kó gbé ọwọ́ lé òòlù òun, kó búra pé bí òun bá ti gba àbúrò òun, òun á padà wá bá a fẹ́ ẹwìrì fún ọdún kan gbáko, nítorí apá bàbá náà ò gbé e mọ́, iná àgbẹ̀dẹ rẹ̀ sì ti ń kú lọ. Ọmọ náà gbé ọwọ́ lé e, ó búra. Ó wọlé, ó bá ejò olórí méjì jà, ó la odò iná kọjá, ó rí àbúrò rẹ̀ gbà. Nígbà tó kù kó padà, ó rí ilẹ̀kùn mìíràn lẹ́yìn òkè. Ó bá ibẹ̀ sá lọ sílé.

Ní ìrọ̀lẹ́, kí oòrùn tó wọ̀, la máa ń kà á. Ọmọ mi á ka Òyìnbó rẹ̀, èmi á yí i sí ẹnu Ìjerò fún Bàbá, tí wọ́n jókòó ti ògiri, tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ̀rú ọkọ́. N kò bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá gbọ́. Wọ́n kàn gbé àpótí wọn súnmọ́ wa lọ́jọ́ kejì, nígbà tó di ọjọ́ kẹta, àwọn ni wọ́n ń pè wá.

"Ejò olórí méjì," wọ́n ní. "Orí wo ló ń jẹun?"

"Wọn ò sọ, Bàbá," ọmọ mi ní.

"Bí méjèèjì bá ń jẹ, ọ̀nà ọ̀fun á di ìjà. Kí ó kàn dúró, kí ó ju ẹran kan sáàárín wọn. Wọ́n á pa ara wọn." Wọ́n wo ọmọ náà nínú àwòrán tó wà níwájú ìwé. "Kò sì mú àdá dání. Kò ní òbí ni?"

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi dojú bolẹ̀. Ibi tí ọmọ inú ìwé ti gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sá lọ, Bàbá dá ọwọ́ dúró.

"Alágbẹ̀dẹ ńkọ́?"

"Ó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn," mo ní.

"Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ta ló ń bá a fẹ́ ẹwìrì?"

A ò rò ó rí. Bàbá ní, "Bí apá ọmọ náà ò ká ọdún kan, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọmọdé ni. Àbúrò rẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ulé ń pè é. Kí ó lọ bá bàbá náà, kí ó ní, 'Mi ò lè ṣe é mọ́.' Kí bàbá náà lè wá ẹlòmíràn. Ẹni tí a ò sọ fún ni yóò máa wo ọ̀nà." Wọ́n tún mú ọ̀bẹ wọn. "Ẹ kà á lọ. Wọ́n á padà sọ ti alágbẹ̀dẹ."

Orí méjì ló kù nínú ìwé. Ṣùgbọ́n kòkó pe Bàbá, wọ́n lọ sí abà fún ọ̀sẹ̀ kan, Sátidé sì dé kí wọ́n tó padà. Àwa méjì la parí rẹ̀. Ọmọ inú ìwé délé, wọ́n sè, wọ́n jó, ìwé parí. Ọmọ mi ṣí ojú ewé padà sẹ́yìn, ó tún ṣí i padà síwájú. "Mọ́mì, wọ́n gbàgbé ẹ̀ ni?"

Ibí yìí ni ohun tí mo ṣe ti bẹ̀rẹ̀, n ò sì ní gbé e lé ẹlòmíràn lọ́rùn. Èmi ni mo sọ fún un. Mo ní, "Tí Màmá bá bèèrè, ìyẹn gan-an ni kó o sọ. Ohun tí Bàbá sọ. Kò sí ẹni tó máa rí i nínú gbogbo wọn." Mo jẹ́ kó sọ ọ́ sí mi létí lẹ́ẹ̀mẹta ní Òyìnbó nígbà tí mo ń di irun rẹ̀. Mo rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé Màmá kedere bí ẹni pé wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé, pálọ̀ Màmá kún. Ọmọ bíi mẹ́wàá àti àwọn ìyá wọn, àwọn tíṣà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, Àǹtí oníbàárà mi pẹ̀lú ọmọ tirẹ̀. Èmi nìkan ni mo ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ Màmá wà lórí ẹsẹ̀ wọn, bíró wà láàárín rẹ̀, nítorí wọ́n ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ náà làwọn máa mú mẹ́ta.

Màmá bèèrè bóyá ọmọ inú ìwé ṣe akin. Ọwọ́ gbogbo wọn lọ sókè. Ọ̀kan ní ó ṣe akin nítorí ejò. Ọ̀kan ní nítorí odò iná. Ọmọ Àǹtí ní ọgbọ́n tó fi rí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló wu òun jù, Màmá ní ó káre, wọ́n kọ nǹkan kan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọmọ tèmi dìde. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nílé ìwé. Ó sọ ọ́ ní Òyìnbó, kò ṣì í rárá: "Mà, alágbẹ̀dẹ yẹn ṣì ń dúró dè é."

Màmá gbé ojú sókè, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Èyí dára gan-an ni," wọ́n ní. "Kò sí ẹni tó sọ ìyẹn. Báwo lo ṣe rò ó débẹ̀?"

Ká ní ó jókòó nígbà yẹn ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bi ní ìbéèrè, tí wọ́n sì kọ́ kó máa sọ òótọ́, kí ló fẹ́ ṣe? Ó ní, "Bàbá mi àgbà ló sọ ọ́, mà. Wọ́n ní ẹni tó bá fi irin búra, tí kò wá lè ṣe é, ó gbọ́dọ̀ padà síbi irin náà, kó fi ahọ́n kàn án, kó sọ pé òun ò lè ṣe é, kí wọ́n da omi tútù lé e. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é nílé wa. Èmi náà ti ṣe é."

Àǹtí ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó fi Òyìnbó sílẹ̀, ó ju Yorùbá sí mi láti òdìkejì pálọ̀: "Yéè! Onídìrí mi, irin lẹ ń lá nílé yín? Àbájọ tí ọwọ́ ẹ fi máa ń le lórí mi bẹ́ẹ̀!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ kan mú ṣíbí inú ago rẹ̀, ó ń fi ahọ́n kàn án fún èkejì rẹ̀ wò. Ìwọ Àǹtí, tó jẹ́ pé ní kọ́ọ̀tù tí o ti ń ṣiṣẹ́, irin wà nínú dúrọ́ọ̀ kan náà pẹ̀lú Bíbélì àti Kùránì, tí o ń fà á yọ fún àwọn bàbá tó wá jẹ́rìí kí wọ́n fi búra, tí o sì ń pè wọ́n ní sà! O sọ fún mi fúnra rẹ, pẹ̀lú orí rẹ láàárín orúnkún mi. Mo ní i lẹ́nu. N ò sọ ọ́.

Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. Wọ́n sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ní Yorùbá, kó lè yé mi dáadáa. "Ìyá ẹ̀. Ṣé òótọ́ lọ́mọ yìí ń sọ? Ṣé irú ilé bẹ́ẹ̀ ló ti ń dàgbà?"

Bíró wà lọ́wọ́ wọn. Mo wo bíró yẹn. Mo ní, "Rárá o, mà! Níbo? Ìsọkúsọ lọ́mọ yìí ń sọ. Bàbá yẹn ti darúgbó ni, mà, orí wọn ò pé mọ́, ohunkóhun ni wọ́n máa ń sọ jáde. Onígbàgbọ́ ni wá. A kì í bá wọn dá sí nǹkan wọn."

Ọmọ mi yíjú sí mi. Ojú rẹ̀ ò bínú. Ó rò pé mo gbàgbé ni. "Mọ́mì," ó ní, "ṣebí ẹ̀yin náà..."

"Pa ẹnu ẹ dé! Jókòó!"

Ó jókòó. Màmá gbé awò ojú wọn padà. "Ó dáa," wọ́n ní. "Ọmọdé máa ń gbé ọ̀rọ̀ kiri. Ẹ ṣọ́ irú ẹni tó máa ń jókòó tì." Wọ́n pa dà sí Òyìnbó, wọ́n ní ká má jẹ́ kí èrò nípa alágbẹ̀dẹ bàjẹ́ o, pé èrò tó jinlẹ̀ ni, wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo wa fún bíi ìṣẹ́jú márùn-ún bí ẹni pé láti inú ìwé kan ni wọ́n ti rí i. Gbogbo àwọn ìyá ń mi orí. Nígbà tó tó àkókò láti ka orúkọ, ọmọ Àǹtí ló kọ́kọ́ wá, ọmọ tíṣà kan tẹ̀ lé e, ọmọ tèmi ló ṣìkẹta.

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Àǹtí gbá mi mọ́ra lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ṣé o ò bínú? Eré ni." Mo ní, "Ẹ̀yin náà, Àǹtí, kí ló fẹ́ bí mi nínú?" Mo tún bá a ṣètò ọjọ́ tí ó máa wá dirun.

Ẹsẹ̀ la fi rìn délé. Mo ní, "O gbọ́ pé wọ́n mú ẹ?"

Ó ní, "Mo gbọ́, mà." Kò pè mí ní mà rí nígbà tó bá jẹ́ àwa méjì.

"Ṣé inú ẹ dùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Mo fẹ́ ṣàlàyé fún un. Mo fẹ́ sọ pé nígbà míràn, ìyá máa ń sọ ohun kan kí ọ̀nà lè ṣí fún ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ inú ìwé ì bá fi ṣàwáwí fún alágbẹ̀dẹ nìyẹn gan-an, nítorí náà mo pa ẹnu mi mọ́. Mo ra ẹ̀pà fún un lójú ọ̀nà. Ó gbé e lọ́wọ́ délé láìtú u.

Bàbá dé láti abà ní ọjọ́ Ajé. Wọn ò tíì bọ́ bàtà tí wọ́n fi ní, "Ọmọ yẹn ńkọ́? Ṣé ó padà lọ bá alágbẹ̀dẹ?" Ọmọ mi ní òun ní iṣẹ́ àṣetiléwá, ó wọlé. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n bèèrè, ó ní ẹ̀kọ́ Màmá. Ọjọ́ kẹta bẹ́ẹ̀. Wọ́n á gbé àpótí wọn síbi tí a ti máa ń kàwé, wọ́n á jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rú ọkọ́ tí wọ́n ti gbẹ́ tán. Ní ọjọ́ kẹrin, n kò lè rí wọn bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo lọ jókòó tì wọ́n.

"Ó padà, Bàbá," mo ní.

Ojú wọn tàn. "Mo sọ bẹ́ẹ̀! Mo ní wọ́n á sọ ọ́! Kí ni alágbẹ̀dẹ wí?"

N kò múra sílẹ̀. Mo ní alágbẹ̀dẹ dìde, ó ní òun ti ń retí rẹ̀. Mo ní ọmọ náà sọ pé òun ò lè ṣe ọdún kan, pé ìyá òun ń ṣàìsàn. Mo ní bàbá náà bu omi láti inú agbada tí wọ́n ti ń ki irin gbígbóná bọ omi, ó dà á lé òòlù náà, ó ní kó máa lọ sílé. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló ń dùn sí i. Mo tún fi kún un pé abúlé rán ọ̀dọ́ kan wá bá a fẹ́ ẹwìrì. Bàbá fi ọwọ́ lu itan. "Òyìnbó tó kọ ọ́ gbọ́n," wọ́n ní. "Ó ní ulé tí wọ́n ti kọ́ ọ."

"Urọ́ ni, Bàbá."

Ọmọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó mú bíró lọ́wọ́. N kò mọ ìgbà tó dé ibẹ̀. "Kò padà," ó ní. "Wọ́n se oúnjẹ fún un, ó jẹ ẹ́. Wọn ò dárúkọ alágbẹ̀dẹ mọ́. Mọ́mì ló ń parọ́."

Bàbá wò mí. Mo ń wo ilẹ̀. Wọn ò bi mí ní ìdí. Ọmọ náà ni wọ́n yíjú sí. "Ẹ̀yin tí ẹ jọ kà á níbẹ̀ ńkọ́, kí lẹ ní?"

"A ní ó ṣe akin, sà."

"Hẹn-ẹn," Bàbá ní. Wọ́n dìde, wọ́n gbé àpótí wọn wọlé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ìdí igi òròm̀bó ní iwájú ilé ni wọ́n lọ jókòó sí, níbi tí wọ́n ti lè máa wo àwọn ọlọ́kadà.

Ọmọ mi ń ṣe dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló ń lọ sọ́dọ̀ Màmá. Màmá sọ fún mi pé ọmọ mi ni ó fọkàn balẹ̀ jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pé kì í sọ ohun tí wọn ò bi í, pé bí òun bá bi í, ìdáhùn tó yẹ ló máa ń mú wá. Mo ní a dúpẹ́, mà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Màmá fún wọn ní àròkọ kan láti fi múra sílẹ̀ fún ìdánwò náà: kí wọ́n kọ̀wé nípa àwọn tó wà nínú ilé wọn. Ó gbé e wá fún mi kí n fọwọ́ sí i, nítorí òbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Mo kà á ní ṣọ́ọ̀bù. Ìkọ̀wé rẹ̀ tọ́, kò sí lẹ́tà kan tó ṣe wọ́gọwọ̀gọ. Ó ní òun àti ìyá òun àti bàbá òun ni. Ó ní bàbá òun ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Ìbàdàn, ìyá òun ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ ìjọ ni wọ́n. Ó ní nítorí pé àwọn ò pọ̀, ilé àwọn máa ń dákẹ́, ìyẹn ló jẹ́ kí òun lè máa kàwé.

Mo kà á títí dé ìsàlẹ̀, mo tún padà sókè bóyá mo fo ìlà tí Bàbá wà. Ó dúró tì mí, ó na bíró sí mi.

"Ṣé ó dáa, mà?"

Mo ní ó dáa. Mo fọwọ́ sí i.